Bí owó ìjọba kò bá tó, kí ni kí a gé, kí ni kí a dá sí ní Èkìtì?

Olùkọ́ Àná (Ìdó-Èkìtì)

Mo kí gbogbo ọmọ Èkìtì, nílé àti lẹ́yìn odi. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Sátidé tó kọjá, àwọn ọmọ ìyá méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà lórí ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n wà nínú ẹgbẹ́ onígbàálẹ̀ (APC), àbúrò wà nínú ẹgbẹ́ alábùradà (PDP). Ẹ̀gbọ́n ní kí ìjọba má ṣe dá iṣẹ́ àkànṣe kankan dúró, pé ọ̀nà, afárá àti pápákọ̀ òfurufú ni yóò jẹ́ kí àwọn olókòwò rí wa. Àbúrò fèsì pé ìjọba tó bá jẹ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lówó kò gbọdọ̀ máa kọ́ afárá, pé kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró títí gbèsè yóò fi tán. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ìṣúná ti bọ́ sọnù láàárín wọn. Orúkọ àwọn gómìnà àná ni wọ́n ń sọ lu ara wọn bí òkò.

Ọdún 33 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé ìjọba kí n tó fẹ̀yìntì. Lójú tèmi, ohun kan wà tí àwọn méjèèjì kò mẹ́nu bà: nígbàkígbà tí ìjọba bá ní owó kò tó, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé ni ohun tí ẹni tó ń jàǹfààní rẹ̀ kò lè pariwo. Ẹ rántí owó arúgbó. Ní 2011 ni ìjọba Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 5,000 náírà lóṣooṣù. Mo mọ àwọn tó ń fi owó yẹn ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, ètò náà kò tẹ̀síwájú mọ́. Arúgbó kò lè yan iṣẹ́ lódì, kò sì lè dí ojú títì mọ́ ọkọ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: bí owó bá dínkù lọ́la, kí ni ẹ rò pé kò yẹ kí ọ̀bẹ kàn, kí sì ni ìdí rẹ̀? Mo bẹ̀ yín, ẹ̀rí ni kí ẹ mú wá, ẹ má mú èébú wá.

Ọmọ Ìfàkì

Bàbá Olùkọ́, mo dọ̀bálẹ̀. Ọgbẹ́ tó ń dùn wá ní Ìfàkì ni ẹ fọwọ́ kàn yìí. Nígbà ìjọba Ṣégun Òní, a ní yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú wa, Ìkẹ́rẹ́ náà sì ní yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ní 2011, ìjọba Fáyẹmí tó gbapò da méjèèjì pọ̀ mọ́ Yunifásítì Adó, àpapọ̀ wọn ló di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí a ń pè ní EKSU lónìí. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún wa ni pé àpò ìpínlẹ̀ tó kéré bíi tiwa kò lè gbé yunifásítì mẹ́ta. Àwọn tó ti fi owó ìfẹ̀yìntì wọn kọ́ ilé fún akẹ́kọ̀ọ́ láti háyà wà láàárín wa. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ìṣirò kan tó ka àdánù tiwọn.

A gbà, a ní ó dáa, bí owó kò bá tó, owó kò tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí gómìnà kan náà padà dé láàárín 2018 sí 2022, wọ́n sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ Ìkẹ́rẹ́ di yunifásítì tuntun, èyí tí a ń pè ní BOUESTI. N kò bínú sí Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ohun tí mo ń béèrè ni ibi tí owó ti wá. Látìgbà náà, bí mo bá gbọ́ «owó kò tó», ohun tí mo ń gbọ́ ni pé owó kò tó fún ìlú yìí, ó tó fún ìlú yẹn. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ kí wọ́n gé nǹkan. A fẹ́ kí wọ́n gé e pẹ̀lú òdiwọ̀n kan tí gbogbo ìlú rí tí wọ́n sì mọ̀.

Onígbàálẹ̀ Adó

Mo kí Bàbá Olùkọ́. Mo kí àbúrò mi láti Ìfàkì pẹ̀lú, mo sì mọ̀ pé ìbànújẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì yìí kò rí bákan náà. Orúkọ lásán kọ́ ni yunifásítì. Ó ń fẹ́ ilé àyẹ̀wò, ó ń fẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ń fẹ́ kí àjọ tó ń bójú tó yunifásítì ní Àbùjá fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ń kọ́ níbẹ̀. Bí a bá pín owó kékeré sí ọ̀nà mẹ́ta, ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí kò dúró dáadáa ni a ó ní, àwọn ọmọ wa ni yóò sì jìyà ìwé-ẹ̀rí tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń fojú tín-ín-rín. Ti Ìkẹ́rẹ́ yàtọ̀ ní ti pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ti wà níbẹ̀ láti ayé Ìpínlẹ̀ Òǹdó àtijọ́, pẹ̀lú ilé àti olùkọ́ tí ìjọba ti ń sanwó fún tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sì rán wa létí ohun kan tí àwọn ará ẹgbẹ́ alábùradà kì í fẹ́ sọ. Nígbà ìjọba Fáyóṣé kejì, tí owó láti Àbùjá fà sẹ́yìn, orí ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n gbé e lé. Wọ́n ní kí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa san 500 náírà, kí ti girama máa san 1,000 náírà, nínú ilé-ìwé ìjọba, ní ilẹ̀ Èkìtì tí ẹ̀kọ́ jẹ́ ogún wa. Oṣù October 2018 tí Fáyẹmí padà dé ni wọ́n fagi lé e. Bí a bá ń sọ ohun tí kò yẹ kí ọ̀bẹ kàn, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti pápákọ̀ òfurufú, ìjọba Fáyóṣé ti gbé èrò náà dìde, tí àwọn onílẹ̀ sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Ìjọba tó tẹ̀lé e ló kọ́ ọ, tí wọ́n ṣí i ní October 2022. Àwọn tó ń pè é ní ìfowóṣòfò lónìí ni wọ́n ń yìn ín nígbà tí ẹgbẹ́ tiwọn ń dá a lábàá. Ohun tí a ń gbìn sílẹ̀ fún ogún ọdún ni iṣẹ́ àkànṣe. Ẹni tó bá fi ọdún kan ṣoṣo wọ̀n ọ́n kò ní rí èrè rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ kankan. Iṣu, ògèdè àti kòkó ni mo ń gbìn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Adó gbọ́ tẹnu wa.

Ẹ̀gbọ́n Onígbàálẹ̀, iṣu mi kò tíì wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Ọ̀nà tó ti inú oko mi já sí títì kò ju kìlómítà mẹ́rin lọ, òun gan-an ni ìṣòro mi. Afárá kékeré kan wà níbẹ̀ tí àgbàrá ń jẹ lẹ́bàá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, erùpẹ̀, òkúta àti àpò sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ni ìbá tó o. A kọ̀wé, a rán àwọn àgbà. Èsì tí a gbà ni pé owó àtúnṣe kò sí nínú ìṣúná ọdún náà. Òjò ọdún kejì gbé ẹ̀gbẹ́ kan afárá náà lọ, ti ọdún kẹta gbé gbogbo rẹ̀. Ní báyìí, kò sí bí wọn yóò ṣe tún un ṣe mọ́, àfi kí wọ́n kọ́ òmíràn. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, ọ̀kadà ni a fi ń ru iṣu gba inú odò kọjá. Ẹ sì mọ ohun tó dé bá owó epo láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo: jálá kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti ju 600 lọ kí July ọdún náà tó parí. Owó ọkọ̀ tí mo ń san ti jẹ èrè iṣu tán.

Ẹni tó gé owó àtúnṣe rò pé òun fi owó pamọ́ ni, ṣùgbọ́n gbèsè ló jẹ. Ibi tí kò sí ẹni tó máa ka gbèsè náà ló kọ ọ́ sí, ìyẹn ara wa. Ètò ọ̀nà ìgbèríko tí Báńkì Àgbáyé ń bá àwọn ìpínlẹ̀ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní RAAMP, dára. Mo ti rí iṣẹ́ rẹ̀ ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá la ọ̀nà tán tí kò sí owó láti máa ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n sì máa kó gọ́tà rẹ̀, ọdún mélòó ni yóò lò?

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan owó Àmọ̀tẹ́kùn náà. Àwọn kan nínú wa kì í lọ sí oko ìgbẹ́ jíjìn mọ́ àfi bí a bá pọ̀. Oko tí a kò lè dé, kí ni a fẹ́ fi ọ̀nà rẹ̀ ṣe?

Akọ̀wé Ìṣirò

Mo ti ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ìjọba rí, mo sì ti fẹ̀yìntì. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí gígé owó ṣe ń rí nínú ọ́fíìsì, nítorí àlàyé yẹn ni yóò jẹ́ kí a mọ ìdí tí afárá àgbẹ̀ wa fi ṣubú.

Gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ wa, ẹ̀ka 121, gómìnà ló ń gbé àbá ìṣúná síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, àwọn aṣòfin wa 26 ló sì ń sọ ọ́ di òfin. Ohun tí a kọ sínú òfin yẹn kì í ṣe owó, ìrètí ni. Owó gidi ń ti Àbùjá wá lóṣooṣù, kí ó sì tó dé Adó, wọ́n ti yọ owó àwọn gbèsè tí ìpínlẹ̀ jẹ kúrò nínú rẹ̀. Èyí tó kù, owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì ni yóò kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni iná mànàmáná, dísù, ìrìn-àjò àti àjẹmọ́nú àwọn tó wà nípò. Iṣẹ́ àkànṣe ni ó máa ń dúró sẹ́yìn. Bí owó bá ya gẹ̀ẹ́rẹ́ wọlé, agbaṣẹ́ṣe rí gbà. Bí kò bá wọlé, agbaṣẹ́ṣe kó ẹrù rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ àkànṣe fi máa ń yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ná lópin ọdún. Kò sí ẹni tó jókòó dìbò pé kí wọ́n gé afárá àgbẹ̀ wa. Ó gé ara rẹ̀ ni, nítorí pé ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n tò ó sí.

Láàárín ọdún 2014, àgbá epo rọ̀bì kan ju 100 dọ́là lọ. Nígbà tó fi máa di January 2016, ó ti wálẹ̀ débi tí kò tó 30 dọ́là. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni kò lè san owó oṣù mọ́, àfìgbà tí ìjọba àpapọ̀ yá wọn lówó ní 2015. Gómìnà yòówù kó wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ yòówù kó ṣe, inú ihò yẹn ni yóò bá ara rẹ̀. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n Onígbàálẹ̀ àti fún Ọmọ Ìfàkì bákan náà.

Ṣùgbọ́n gígé kan wà tí kò ní àwíjàre rárá. Òfin ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti 2004 sọ pé ìjọba àpapọ̀ yóò máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìdajì owó iṣẹ́ náà kalẹ̀ láti àpò ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí a bá gbé náírà kan kalẹ̀, Àbùjá yóò fi náírà kan tì í. Ẹni tó bá wá gé náírà kan tiwa, náírà méjì ló gé: kíláàsì tí kò ní òrùlé, àga tí kò tó, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò sí. Owó wa tó wà ní Àbùjá yóò sì máa dúró dè wá níbẹ̀. Kíkó ọmọ púpọ̀ jọ sí kíláàsì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí Bàbá Olùkọ́ mọ̀ jù mí lọ nìyẹn.

Ọmọ Ìfàkì

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ ṣeun. Kí n tó tẹ̀síwájú, mo gbà pé owó tí wọ́n bù lé ọmọ ilé-ìwé lórí kò dára. Mo wà nínú ẹgbẹ́ alábùradà nígbà yẹn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa.

Ṣùgbọ́n àlàyé yín jẹ́ kí n rí nǹkan kan. Ẹ ní àjẹmọ́nú àwọn tó wà nípò wà níwájú, iṣẹ́ àkànṣe wà lẹ́yìn. Ta ló tò ó bẹ́ẹ̀? Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun fún àwọn olóyè ìjọba, àwọn olùrànlọ́wọ́ pàtàkì tí iye wọn ń pọ̀ sí i lábẹ́ gbogbo ìjọba, owó ààbò tí gómìnà kì í ṣírò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: mélòó nínú wọn ni wọ́n ti gé rí kí wọ́n tó dé orí arúgbó? Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó tí Àbùjá ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀ ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ fún wa pé owó kò tó bí ìgbà 2016.

Onígbàálẹ̀ Adó

Àbúrò, iye náírà ló pọ̀ sí i. Ohun tí náírà lè rà kò pọ̀. Ẹ béèrè iye tí àpò sìmẹ́ǹtì jẹ́ kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, kí ẹ béèrè iye tó jẹ́ lónìí. Agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ ní 2022 ti padà wá béèrè àfikún. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí a ń san láti 2019, 30,000 náírà, ti di 70,000 láti 2024. Ìwọ náà kò ní fẹ́ kí a má san án.

Ní ti ọkọ̀ àwọn olóyè, mo fara mọ́ ọ. N kò ní gbèjà èyí tí kò ṣeé gbèjà.

Aláṣọ Adó

Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá Olùkọ́ àti gbogbo ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Inú ọjà ni mo wà, n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìwé ìṣúná. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní àwọn ọdún tí owó oṣù kò jáde déédéé, àwìn ni a ń tà. Tíṣà mú aṣọ lọ, ó ní òpin oṣù. Òpin oṣù dé, kò rí gbà, èmi náà kò rí owó fún ẹni tó fi ọjà ránṣẹ́ sí mi láti Èkó. Àwọn mìíràn láàárín wa pa ṣọ́ọ̀bù tì lọ́dún yẹn, wọn kò sì padà ṣí i. Adó kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá. Owó oṣù ìjọba ni òjò tó ń rọ̀ sí ọjà wa.

Nítorí náà ẹ̀rù máa ń bà mí bí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé kí ìjọba dín òṣìṣẹ́ kù. Nígbà kan náà tí owó ọjà bá ṣe tín-ín-rín ni àwọn agbowó orí máa ń pọ̀ sí i lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀kan pẹ̀lú ìwé ìpínlẹ̀, èkejì pẹ̀lú ìwé ìjọba ìbílẹ̀. Èmi kò kọ owó orí. Ẹ jẹ́ kí n san án lẹ́ẹ̀kan, kí n sì rí omi ẹ̀rọ.

Olùkọ́ Àná (Ìdó-Èkìtì)

Ìyá wa Aláṣọ, ọ̀rọ̀ omi tí ẹ dárúkọ yẹn gba àlàyé. Ìsédò Ẹ̀rọ̀ ní Ìkùn, ní agbègbè Mọ̀bà, wà láti ayé Ìpínlẹ̀ Òǹdó àtijọ́, ó sì yẹ kó máa fún ọ̀pọ̀ ìlú ní àríwá Èkìtì lómi. Ìtàn afárá àgbẹ̀ wa ni ìtàn rẹ̀, àfi pé ó tóbi jù ú lọ. Páìpù gbó, ẹ̀rọ dákẹ́, kò sí ọdún tí owó ìtọ́jú tó. Níkẹyìn, owó tí a yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé ni wọ́n padà lọ fi tún un ṣe, àwọn ọmọ wa ni yóò sì san án.

Nípa owó orí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọn kò dúró de owó epo, nítorí kò tíì sí. Wọ́n bu owó orí pàtàkì lé àgbàlagbà fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, ṣílè mẹ́wàá àti sísì. Àwọn ènìyàn bínú. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group ti Awólọ́wọ̀, san gbèsè ìbínú náà nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954, níbi tí NCNC, ẹgbẹ́ Azíkíwè, ti borí wọn nílé ara wọn. Wọn kò sì tìtorí ìyẹn pa ètò náà tì. Ní January 1955, ilé-ìwé ṣí. Àwọn ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà jẹ́ bíi 457,000 ní 1954. Ní 1955 wọ́n ti ju 811,000 lọ. Àwọn òbí tí kò mọ̀wé ní Ìdó, ní Ìyìn, ní Ẹmùrè wà lára àwọn tó san ṣílè yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí a fi ń yangàn ti wá.

Mo sọ èyí nítorí ọmọ ìyá méjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń jà bí ẹni pé ìjọba ló ni owó, tí ó kàn ń pinnu ẹni tí yóò fún. Àwọn tó san ṣílè mẹ́wàá mọ̀ pé àwọn ló ni ín, nítorí náà wọ́n ń béèrè ilé-ìwé lọ́wọ́ ẹni tó gbà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin bàbá wa. Mo ní ìbéèrè kúkurú kan fún ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé. Níbo ni èèyàn lásán ti lè rí i bóyá ìpínlẹ̀ wa gbé náírà tirẹ̀ kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan, tàbí kò gbé e kalẹ̀?

Akọ̀wé Ìṣirò

Àbúrò, ìbéèrè gidi nìyẹn. Láàárín 2018 sí 2022, ètò kan wà láti ọwọ́ Báńkì Àgbáyé, SFTAS ni wọ́n ń pè é, tó ń fún ìpínlẹ̀ lówó bí wọ́n bá ń gbé ìwé ìṣúná wọn sí gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìròyìn ohun tí wọ́n ná ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Nítorí náà, ìwé wà láti kà. Ìlà méjì ni kí ẹ wá. Àkọ́kọ́ ni ibi tí wọ́n kọ owó ìpín ìpínlẹ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí. Èkejì ni ibi tí wọ́n kọ owó ìtọ́jú ọ̀nà àti omi sí. Kí ẹ má wo iye tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan. Ẹ wo òpó tó sọ iye tí wọ́n ná. Bí òpó yẹn bá ṣófo, ẹ ti rí ohun tí wọ́n gé láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àgbẹ̀ Ìkọ̀lé

Ẹ bá mi wo ti afárá náà.

Olùkọ́ Àná (Ìdó-Èkìtì)

A ó wò ó. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yẹn lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n tẹ ìròyìn ìnáwó ti ọdún tó kọjá jáde, kí àbúrò mú pẹ́ńsù pupa wá, kí àwọn méjèèjì jókòó sí yàrá àlejò mi ní Sátidé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà. Ọmọ Ìfàkì, Ìfàkì kò jìnnà sí Ìdó. Bí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ìwọ náà wá, kí a jọ ka ìlà méjì yẹn pa pọ̀.

Ọmọ Ìfàkì

Màá wá, bàbá. Màá mú ìwé ìṣúná 2011 dání bí mo bá rí i, kí a lè mọ iye tí wọ́n ní yunifásítì wa ń ná wọn.

Onígbàálẹ̀ Adó

Ẹ jọ̀wọ́, aago mélòó?

Olùkọ́ Àná (Ìdó-Èkìtì)

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Iṣu wà nílé.